Ta Ni Yóò Gba Ẹrù Kúrò Lórí Ẹsẹ̀ Náà?

Ìbéèrè kan wà tí bàbá mi kékeré bi mí ní Ajégúnlẹ̀ ní ọdún 2023, tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ náà, tí n kò sì tíì rí i títí di òní olónìí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹnì kan ṣoṣo lọ, àti nítorí pé èmi gan-an jẹ̀bi nínú rẹ̀, ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, kí ẹ bá mi dá sí i.

Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Èkó ni ó mọ̀ pé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Boundary ni ó là Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ láàrin. Ní apá kan ni wọ́ọ̀fù wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Ní apá kejì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ru ẹrù náà ń sùn. Ajé gúnlẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò náà, ṣùgbọ́n Àpápá ni ajé ń gúnlẹ̀ sí ní tòótọ́. Tirela ni ó sì ń gbé e kọjá lọ sí ibi tí ó ń lọ. Alágbàrù ni bàbá mi kékeré. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń ru àpò ìrẹsì, ẹja dídì inú páálí, àti bẹ́ẹ̀lì òkìríkà láti inú tirela sí inú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ni oko wọn, ẹsẹ̀ náà sì ni ọkọ́ wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n dé ilé, wọ́n bọ́ bàtà, ìyàwó wọn sì rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ìṣó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà náà wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ti rìn lórí ìṣó náà láti òwúrọ̀ tàwọn tẹrù, wọn kò mọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òwe yìí kò ṣiṣẹ́ fún alátọ̀gbẹ. Òun ni ó wọ bàtà, òun gan-an ni kò sì mọ̀.

Àwọn àgbà ń pe àrùn náà ní àtọ̀gbẹ, àwọn ará Èkó ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Nínú orúkọ méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni a ń sọ, bí ẹni pé ibi tí àrùn náà ti ń jáde nìkan ni a ti rí i. Ibi tí ó ń wọ̀ lọ ni a kò fún ní orúkọ. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jẹ́, àwọn tí ó gùn jù lọ ni yóò sì kọ́kọ́ bàjẹ́, ìyẹn àwọn tí ó lọ dé ẹsẹ̀. Yóò tún mú kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà fún, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dé ojú ọgbẹ́ dáadáa láti tún un ṣe. Nítorí náà ọgbẹ́ yóò wà, ìrora kò ní sí, ẹni náà yóò sì máa rìn lórí rẹ̀ lọ.

Dókítà kan wà tí ń jẹ́ Paul Brand, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Íńdíà. Ọ̀dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore ni ó ti ṣàkíyèsí ohun tí gbogbo ayé ti ṣì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀. Brand rí i pé àìmọ̀rora ni ó ń jẹ wọ́n, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ pé iná ń jó òun kò ní fa ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn adẹ́tẹ̀ ní Carville ní Amẹ́ríkà ní 1966, ó fi ọgbọ́n kan náà tọ́jú ọgbẹ́ ẹsẹ̀: ó fi POP di ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún, kí ìwúwo ara má baà sinmi lé ojú ọgbẹ́ mọ́. Ọ̀nà yìí ni àwọn dókítà gbà wá sí ọ̀dọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ, nítorí pé ọmọ ìyá ni ọgbẹ́ méjèèjì. Brand tilẹ̀ kọ ìwé kan jáde ní 1993 láti fi yé àwọn ènìyàn pé ẹ̀bùn ni ìrora jẹ́. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà fún un.

Ní ti bàbá mi kékeré, GV ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ojú ìṣó náà, lẹ́yìn náà àgbo, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ ní ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò. Wọn kò sì yéé lọ sí ibi iṣẹ́, nítorí pé kò dùn wọ́n. Nígbà tí a ó fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, oṣù méjì ti kọjá, ọgbẹ́ náà ti ń rùn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì ti dúdú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn dókítà gé àtàǹpàkò náà. Bàbá mi kékeré ní kí wọ́n kó o fún àwọn, wọ́n sì rán ọmọ wọn ọkùnrin kí ó lọ sin ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì àwọn dókítà tún padà wá, wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú egungun, àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún.

Bàbá mi kékeré kọ̀ jálẹ̀. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tí ó bá gé ẹsẹ̀ alágbàrù, ẹnu rẹ̀ ni ó gé."

Mo wà ní ilé fún ìsinmi ní àkókò yìí. Mo jókòó tì wọ́n lórí ibùsùn, mo sì ṣe ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ: mo fi ohun tí mo kà hàn wọ́n. Mo sọ fún wọn pé ní Gúúsù Kòríà, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Rokit Healthcare ní ẹ̀rọ tí ń tẹ ẹran ara fún ọgbẹ́ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Wọn a ya àwòrán ojú ọgbẹ́ náà, kọ̀ǹpútà a sì wọn ìbú àti jíjìn rẹ̀. Dókítà a fa ọ̀rá díẹ̀ láti ara aláìsàn náà fúnra rẹ̀, wọn a sọ ọ́ di kúnnákúnná, wọn a rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ a wá máa fi í lélẹ̀ ní ipele ní ipele, bí ìrísí ọgbẹ́ náà ti rí, títí yóò fi di ohun kan tí a lè gbé lé ojú ọgbẹ́ tí yóò sì bá a mu rẹ́gí. Kì í ṣe ara ẹlòmíràn. Ara ẹni ni a fi ń wo ara ẹni sàn.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́, ọ̀rọ̀ tí mo lò ní ọjọ́ náà sì ṣe pàtàkì. "Tẹ̀" ni mo lò, nítorí pé a ti ń tẹ ìwé ní ilẹ̀ wa láti ìgbà tí Henry Townsend ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹran ara yìí kì í tẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Ó ń mọ ọ́n ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń mọ ògiri: wọn a mọ ipele kan yí ilé ká, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí ó bá jẹ́ "mọ" ni mo lò, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá gba ọ̀nà mìíràn. "Tẹ̀" ni mo lò, bàbá mi kékeré sì gbọ́ ọ bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ jẹun yóò ti gbọ́ ọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní:

"Bí àwọn yẹn bá tẹ̀ ẹ́ tán, ọjọ́ mélòó ni èmi kò ní tẹ̀ ẹ́?"

Mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Mo ní, "Bàbá kékeré, ó lè tó oṣù méjì, ó sì lè tó mẹ́ta."

Wọ́n ní, "Ta ni yóò wá gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀ fún mi?"

N kò dá wọn lóhùn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ Kòríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ìrètí tí mo sọ ni wọ́n dì mú. Wọ́n sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn tí ó wà ní yunifásítì ti rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìrètí yìí fi dá ọ̀bẹ dúró. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà gbé wọn dè, wọn kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́, nígbà tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà, òkè orúnkún ni wọ́n ti gé e. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣẹ́kù lè fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn débi tí àlejò kò fi ní tètè mọ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ ńlá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni ó gba orúnkún lọ, èmi ni mo sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà.

Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí nínú yàrá wa. Ó yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe ibi tí ó ń dùn mí ni àwọn ọ̀rẹ́ mi dì mú. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbé sórí, àríyànjiyàn wá di ńlá.

Ọ̀kan nínú wọn ní iṣẹ́ Ọbàtálá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fẹ́ gbà ṣe, àti pé ẹni tí ó bá ń mọ ẹran ara lónìí yóò mọ odidi ènìyàn lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Àgbẹ̀ tí ó kọ ebè kọ́ ni ó dá iṣu. Kò sí ẹ̀rọ kan tí ó dá sẹ́ẹ̀lì. Ó bá a láàyè ni, ó tò ó sí ibi tí ó yẹ, ó sì kúrò lójú ọ̀nà kí ohun alààyè náà lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí èyí bá jẹ́ àfojúdi, a jẹ́ pé teguntegun ti ń ṣe àfojúdi láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, bẹ́ẹ̀ a kò sì gbọ́ pé Ọbàtálá bá a jà rí. Èkejì, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, béèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni èyí, nítorí pé ohun tí àwọn kan ń pò mọ́ sẹ́ẹ̀lì kí ó lè kì bí ẹ̀kọ a máa wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni kí wọ́n sọ fún un ohun tí ó wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ òun àti àlùfáà rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó dá mi dúró pẹ́ ju ti Ọbàtálá lọ, kò sì sí ẹni tí ó mẹ́nu bà á nínú yàrá náà. Kí ẹ̀rọ títẹ̀ tó dé rárá, ìjọba Amẹ́ríkà ti fi àṣẹ sí awọ kan tí ń jẹ́ Apligraf fún ọgbẹ́ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ní ọdún 2000. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbìn ín, bí a ti ń gbin ẹ̀fọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gbìn ín wá láti inú awọ tí a gé kúrò lára ọmọkùnrin jòjòló nígbà tí wọ́n dá abẹ́ fún un. Tí a bá sì ti mú sẹ́ẹ̀lì náà, yóò máa bí sí i débi pé awọ ọmọ kan yóò di awọ tí ó bo ọgbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà. Ẹ wò ó bí ayé ti yí padà. Àgbà ni ó ń gbé ọmọ pọ̀n láti àtètèkọ́ṣe. Ọmọ jòjòló ni ó wá ń gbé àgbà rìn yìí, ọmọ náà kò sì mọ̀ ọ́n títí yóò fi dàgbà. Ní ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti ara ènìyàn jáde ni a kà sí ìdọ̀tí. A ń sin ibi ọmọ, bàbá mi kékeré sì sin àtàǹpàkò. Ní ilé ìwòsàn òyìnbó, ààtàn ni awọ ọmọ yẹn ìbá gbà lọ. Bí òbí rẹ̀ bá gbà, n kò rí ibi nínú kí awọ tí ìbá lọ sí ààtàn di àtẹ́lẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí ọkàn mi ti ń kọ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni ọmọ náà fi í sílẹ̀, owó gọbọi ni a sì ń tà á. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọ jòjòló, ó yẹ kí ojú máa tì í díẹ̀ nígbà tí ó bá ń ka owó rẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn. Àwọn tí ó mọ̀ nípa òwò lè ní èrò mìíràn.

Ẹni kẹta ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó le jù. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ẹni tí kò rí owó ìdánwò ṣúgà, tí kò rí owó insulin rà láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, kí ni ó fẹ́ fi awọ títẹ̀ ṣe? Ó ní ìwà ìkà ni kí a máa sọ ìtàn ẹ̀rọ Kòríà fún ará Ajégúnlẹ̀, bí ìgbà tí a ń ṣàpèjúwe ọbẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, nítorí pé ohun tí mo ṣe ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn insulin gan-an. Ní 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní Toronto. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson, tí àtọ̀gbẹ ti sọ di egungun lásán, ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fà láti inú ẹran màlúù. Kí ọdún náà tó dé, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju kí ó fi ebi pa á díẹ̀díẹ̀ lọ kí ó lè pẹ́ kí ó tó kú. Ní 1923 àwọn tí ó ni ìmọ̀ náà ta ẹ̀tọ́ wọn fún yunifásítì Toronto ní dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún àwọn ará Ajégúnlẹ̀ nígbà náà pé abẹ́rẹ́ yìí kò kàn wọ́n, òótọ́ ni ìbá sọ ní ọdún yẹn, irọ́ ni ìbá sì jẹ́ nígbà tí ó yá. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ohun tí ó ga kò kàn tálákà, ó ń bá tálákà pín ayé ni: ó fún un ní ìdajì tí ó kéré, ó sì ní kí ó dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ìtàn yìí ní ojú kejì. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn dọ́là kọ̀ọ̀kan yẹn, insulin ṣì ń wọ́n ẹlòmíràn ní Ajégúnlẹ̀. N kò bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ torí pé ọ̀nà jìn kí a sọ fún ènìyàn pé ìlú kan kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, n kò gbà pé sísọ tí mo sọ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìdajì tí mo sọ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti bàjẹ́ tán ni mo lọ ka ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ kà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí Apligraf, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, aláìsàn 208 ni wọ́n tọ́jú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọgbẹ́ ti jinná pátápátá lára 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fún ní awọ náà. Lára àwọn tí wọ́n kàn ń wẹ ọgbẹ́ fún tí wọ́n sì ń dì í, 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè gidi ni ìyàtọ̀ yìí, ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni ó mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹnikẹ́ni tí kòkòrò wà nínú ọgbẹ́ rẹ̀ kún un, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Awọ tuntun kì í mú lórí egungun tí ó ti jẹrà, yálà wọ́n gbìn ín ni tàbí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ tí mo jókòó tì wọ́n lórí ibùsùn yẹn, kò sí ẹ̀rọ kan ní Kòríà tàbí ní ibikíbi tí ìbá gba ẹsẹ̀ bàbá mi kékeré là. Dókítà ti sọ fún wọn pé kòkòrò ti wọ egungun. Mo gbọ́ ọ, n kò so ó pọ̀ mọ́ ohun tí mo ń kà.

Ohun kejì tí mo rí níbẹ̀ ni ó jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè wọn. Àwọn tí ó gba awọ àti àwọn tí kò gbà á, gbogbo wọn pátá ni wọ́n ṣe bàtà àkànṣe fún, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má fi ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ náà. Láìsí èyí, ẹni tí ó gba awọ tuntun yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ya kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Ohun kan náà tí Brand sọ ni. Kí awọ tó ṣe iṣẹ́ kankan, a ní láti kọ́kọ́ gba ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀. Alágbàrù tí kò kàwé wo ẹ̀rọ Kòríà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí fóònù, ó sì béèrè ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Èmi tí mo kàwé rò pé àwàdà ni. Bí mo bá ti jókòó dá ìbéèrè náà lóhùn dáadáa, mo gbàgbọ́ pé àwọn fúnra wọn ni ìbá rí i pé ẹ̀rọ náà kò bá ẹsẹ̀ àwọn mu mọ́, wọn ìbá sì jẹ́ kí wọ́n gé e nígbà tí orúnkún ṣì wà.

Ìwádìí kan tí àwọn dókítà wa ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà láti 2016 sí 2017 wo aláìsàn 336 tí wọ́n gbà sí ibùsùn nítorí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. Ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ ni wọ́n gé ní ẹsẹ̀ tàbí ní ìka ẹsẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ó sì kú. Bẹ́ẹ̀ POP kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Láti 1945 ni ilé ìwòsàn eléegun ti wà ní Igbóbì. Kì í ṣe ohun èlò ni ó jìnnà sí alágbàrù. Oṣù mẹ́ta ni ó jìnnà sí i. Ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kò ní oṣù mẹ́ta níbì kankan. Ẹ̀rọ lè tẹ awọ, kò lè tẹ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjìlá.

A sì ní ọgbọ́n bí a ti ń dáwó ní ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi kékeré, ẹgbẹ́ àwọn alágbàrù dáwó fún wọn, àwọn ará ilé ìjọsìn wọn dáwó, àwa ẹbí náà dáwó. Mo ṣírò owó náà ní ìkọ̀kọ̀. Bí a bá ti dá a nígbà tí ojú ìṣó ṣì kéré, ìbá ti bọ́ ilé wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n ìbá fi jókòó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dáwó fún ẹni tí ojú ìṣó kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé kò dun òun? À ń dáwó ìgbéyàwó, à ń dáwó òkú. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ tí ń dáwó ìjókòó.

Ohun kan ṣẹ́kù tí n kò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, ìdajì ni mo tún sọ. Nínú owó tí mo fi wọ yunifásítì, owó ìrẹsì tí bàbá mi kékeré rù ní Àpápá wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò gba ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀ fún wọn, èmi ni mo jókòó níwájú wọn. Wọn kò wo ojú mi bí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Ògiri ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ti ń jókòó ní Boundary báyìí, wọ́n ń ta omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì fún àwọn alágbàrù ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀pá abẹ́ abíyá wọn máa ń fara ti tábìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ra omi lẹ́yìn iṣẹ́, wọn a ní kí ó bọ́ bàtà kí ó gbọn ọ́n kí àwọn tó fún un ní ṣéńjì. Àwọn mìíràn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì gbọn ọ́n. Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí wọn, wọn a bi mí bóyá ẹ̀rọ tí ń tẹ ẹran ara náà ti dé wọ́ọ̀fù. Mo ní kò tíì dé. Ní ìjẹta wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá ẹ̀rọ náà tóbi. Mo ní n kò rò pé ó tóbi púpọ̀, pé ó lè jókòó sórí tábìlì.

Wọ́n ní, "Ó dára. Ẹni méjì lè rù ú nìyẹn."